Ta ló pa ẹja Adágún Victoria?

Lọ́dún 1976, wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ kan ní Mwanza, ìlú tó wà ní etí gúúsù Adágún Victoria ní Tànsáníà. Iṣẹ́ ibẹ̀ ni kí wọ́n máa lọ ẹja kéékèèké di oúnjẹ ẹran ọ̀sìn, tọ́ọ̀nù 10 sí 15 lójúmọ́. Furu ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe ẹja náà. Ẹbí ẹpìyà ni, ṣùgbọ́n kì í tóbi tó ẹpìyà; ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gùn ju ìka ọwọ́ àgbàlagbà lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ikọ̀ onímọ̀ kan láti Yunifásítì Leiden ní Netherlands dé sí Mwanza láti mọ iye furu tó wà nínú omi. Lára wọn ni Frans Witte, ẹni tí a kò lè sọ̀rọ̀ adágún yìí láìdárúkọ rẹ̀.

Níbi mélòó kan tí wọ́n ti ń wọ́ àwọ̀n nínú ìyawọlẹ̀ omi Mwanza, wọ́n ka oríṣi furu tó lé ní 120. Wọ́n ń bá kíkà náà lọ lọ́dọọdún. Lẹ́yìn 1986, nǹkan bí 80 nínú àwọn oríṣi wọ̀nyẹn kò bọ́ sínú àwọ̀n wọn mọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ wá, ìyẹn kí wọ́n mọ bí a ṣe lè kó furu láìjẹ́ pé ó tán, kò ní ìtumọ̀ mọ́. Ní gbogbo adágún, àwọn onímọ̀ fojú bù ú pé oríṣi tó tó 200 ti pòórá, wọ́n sì ka ọ̀ràn náà mọ́ ìparun ẹranko eléegun-ẹ̀yìn tó burú jù lọ lóde òní.

Bí a bá bi ọ̀pọ̀ ènìyàn pé kí ló pa wọ́n, ìdáhùn ti wà lẹ́nu wọn: ẹja Nile perch ló jẹ wọ́n tán. Sangara ni wọ́n ń pè é ní Tànsáníà, mbuta ni lọ́dọ̀ àwọn Luo ní Kẹ́nyà. Ìdáhùn yìí kì í ṣe irọ́. Ohun tí mo rí sí i ni pé ó ti bo ẹni kejì tó lọ́wọ́ nínú ọ̀ràn náà mọ́lẹ̀. Omi ti ń bàjẹ́ kí sangara tó pọ̀, ó sì ń bàjẹ́ títí di òní. Àwọn méjèèjì kò sì ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà mìíràn omi tó bàjẹ́ ló ń ṣílẹ̀kùn fún sangara, nígbà mìíràn sì rèé, òun gan-an ló ń gba furu lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn ni mo fẹ́ tú síwájú ẹni tó ń ka èyí.

Bí adágún náà ṣe rí tẹ́lẹ̀

Adágún Victoria fẹ̀ tó 68,800 kìlómítà níbùú lóòró, kò sì sí adágún mìíràn nílẹ̀ Áfíríkà tó tóbi tó o. Tànsáníà ló ni nǹkan bí ìdajì rẹ̀, Ùgándà tẹ̀ lé e, tí Kẹ́nyà ni ìyókù tí kò pọ̀. Pẹ̀lú gbogbo bó ṣe fẹ̀ yìí, kò jìn rárá: ibi tó jìn jù níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 80 mítà péré. Omi tó tẹ́ pẹrẹsẹ báyìí máa ń tètè fara gba ohunkóhun tí ilẹ̀ bá dà sí i.

Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi hàn pé ó gbẹ ní nǹkan bí 15,000 ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí omi padà kún un, furu díẹ̀ ló wọlé, àwọn díẹ̀ yìí ló sì di oríṣi tó lé ní 500. Ó ṣòro láti rí ibòmíràn láyé tí ẹranko eléegun-ẹ̀yìn ti pín sí oríṣi púpọ̀ báyìí láàárín àkókò kúkúrú bẹ́ẹ̀. Olúkúlùkù ló sì ní ohun tó ń jẹ. Àwọn kan ń họ ewédò, ìyẹn ewéko wẹ́wẹ́ inú omi, lára òkúta, àwọn kan ń fọ́ ìkarahun ìṣáwùrú, àwọn kan ń jẹ edé, àwọn kan ń jẹ kòkòrò, àwọn mìíràn ń jẹ ẹja bíi tiwọn. Àwọn kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé ọmọ ọlọ́mọ ni oúnjẹ wọn. Furu máa ń gbé ẹyin àti ọmọ rẹ̀ sẹ́nu. Àwọn wọ̀nyí yóò kọlu abiyamọ títí yóò fi pọ àwọn ọmọ náà síta. Ṣùgbọ́n àwọn tó pọ̀ jù nínú omi tó jìnnà díẹ̀ sí etí ni àwọn tó ń jẹ ewédò tó ń léfòó àti pàǹtírí tó ń rọ̀ sísàlẹ̀. Àwọn ni agbálẹ̀ adágún náà. Bí a bá wọn gbogbo ẹja tó ń gbé nítòsí ìsàlẹ̀ omi ní àwọn ọdún 1970, furu nìkan ló kó nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún.

Kò sẹ́ni tó lè sọ pé adágún náà kò mọ ẹja tó ń jẹ ẹja. Àrọ̀ wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ furu fúnra wọn sì ń pa ẹja jẹ. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni irú ẹni bíi sangara, ẹja tó lè gùn tó mítà 2, tó sì lè wúwo tó 200 kílò.

Bí sangara ṣe wọlé

Ìkìlọ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Lọ́dún 1927 sí 1928, Michael Graham darí ìwádìí àkọ́kọ́ lórí ẹja adágún náà. Nínú ìròyìn tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1929, ó sọ pé ewu ńlá ni kí wọ́n mú ẹja ńlá tó ń pa ẹja jẹ láti ibòmíràn wá síbẹ̀, àyàfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ ṣe ìwádìí tó jinlẹ̀ lórí ohun tó lè dá sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹja tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn jù, ìyẹn ẹpìyà ìbílẹ̀ adágún náà tí wọ́n ń pè ní ngege, ti ń dín kù látìgbà tí àwọ̀n ìgbàlódé ti dé lọ́dún 1905. Nígbà tó di àwọn ọdún 1950, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn wo furu, wọ́n rí i pé ó pọ̀ rẹpẹtẹ, ó kéré, eegun rẹ̀ sì pọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n wá ẹja ńlá tí yóò máa jẹ ẹ́, kí àwọn ènìyàn lè máa jẹ ẹja ńlá náà. Ìṣirò yìí fa ojú ẹni mọ́ra títí èèyàn yóò fi rántí pé nígbà gbogbo tí ẹja kan bá jẹ ẹja mìíràn, èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ náà ló ń ṣòfò. Geoffrey Fryer, onímọ̀ nípa ẹranko inú omi, kọ̀wé lọ́dún 1960 láti tako ìmọ̀ràn náà. Ó ti pẹ́ jù. Wọ́n ti dá sangara sínú omi ní bòókẹ́lẹ́ ní apá Ùgándà láti 1954, àwọn apẹja sì ti ń rí i nínú àwọ̀n wọn nítòsí Jinja lọ́dún 1960 yẹn kan náà. Ní 1962 àti 1963, ìjọba wá ń dà á sómi ní gbangba, bóyá torí pé ohun tí kò ṣeé kó padà kò ṣeé fi pamọ́ mọ́.

Lẹ́yìn náà ni ohun kan ṣẹlẹ̀ tó yẹ kó mú ẹnikẹ́ni tó ń di gbogbo ẹ̀bi ru sangara ronú. Fún nǹkan bí ogún ọdún, sangara wà nínú adágún, kò sì pọ̀. Àwọn apẹja ń rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àfi nígbà tó kù díẹ̀ kí àwọn ọdún 1970 parí ló bú yẹ̀rì ní ìyawọlẹ̀ omi Nyanza ní Kẹ́nyà. Apá Ùgándà tẹ̀ lé e. Ó dé Mwanza láàárín 1983 sí 1985. Kí ló ń dá a dúró ní gbogbo ogún ọdún yẹn?

Ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn jù wá láti inú àkọsílẹ̀ àwọ̀n tí Kees Goudswaard, Witte àti Egid Katunzi tú wò. Wọ́n rí i pé sangara ńlá ló kọ́kọ́ dé agbègbè Mwanza, díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọmọ sangara kò pọ̀ títí furu fi dín kù. Ohun tó bọ́gbọ́n mu jù láti inú èyí ni pé furu ni kò jẹ́ kí ọmọ sangara gbilẹ̀: wọ́n ń jẹ ẹ́ nígbà tó ṣì kéré, wọ́n sì ń bá a du oúnjẹ kan náà. Furu ń jẹ ọmọ sangara, sangara àgbà ń jẹ furu, ibi tí ọ̀rọ̀ yóò yí sí wá kù sọ́wọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ rẹ̀. Furu ló kọ́kọ́ rẹ̀. Ní àwọn ibì kan bí etí Mwanza, ọkọ̀ àwọ̀n ńlá tó ń kó o lọ fún ilé iṣẹ́ oúnjẹ ẹran ọ̀sìn wà lára ohun tó fà á. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ wọ̀nyẹn kò dé ibi gbogbo nínú adágún. Omi ló dé ibi gbogbo.

Ohun tí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ sọ

Dirk Verschuren àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀pá oníhò gún ìsàlẹ̀ adágún, wọ́n yọ ẹrẹ̀ tó ti ń tò lérí ara wọn láti ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2002. Ẹrẹ̀ náà fi hàn pé láti àwọn ọdún 1930 ni ewédò tíntìntín tó ń sọ omi di àwọ̀ ewé ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i, bí ènìyàn àti oko ṣe ń pọ̀ sí i lágbègbè náà. Nígbà tí àwọn ọdún 1960 bẹ̀rẹ̀, ọ́síjìn ti ń tán nínú omi ìsàlẹ̀. Èyí ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú kí furu tó wó lulẹ̀ ní Mwanza. Ẹni tó bá sọ pé sangara ló ba omi jẹ́ nípa jíjẹ àwọn tó ń jẹ ewédò, ọjọ́ tí ẹrẹ̀ yìí gbé kalẹ̀ kò gbè é.

Ohun tó ń bọ́ ewédò ni fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti náítrójìn. Òjò ń wọ́ ilẹ̀ oko tí igi ti tán lórí rẹ̀ wá sínú odò, odò Kagera sì ń kó tiẹ̀ wá láti Rùwándà àti Bùrúndì, orílẹ̀-èdè méjì tí kò ní etí kankan lára adágún náà. Ìlú ńláńlá ń da omi ìgbọ̀nsẹ̀ wọn sí i. Ní Kampala, ọ̀nà omi Nakivubo ń gbé ìdọ̀tí ìlú gba inú àbàtà kọjá lọ sí ìyawọlẹ̀ omi Murchison, inú ìyawọlẹ̀ omi kan náà ni ilé iṣẹ́ omi Ggaba sì ti ń fa omi tí ìlú ń mu. Bí àbàtà yẹn ṣe ń di oko àti ilé, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó ń sẹ́ omi náà ń dín kù. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti afẹ́fẹ́: apá tó pọ̀ nínú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó ń wọ adágún náà ló ń bọ́ láti òkè, nínú eruku oko àti eérú igbó tí wọ́n ń jó. Adágún tó fẹ̀ tó báyìí dà bí àwo tí wọ́n gbé sí ìta gbangba.

Nígbà ìwádìí ìparí àwọn ọdún 1920, bí wọ́n bá sọ pátákó funfun sínú omi, wọ́n ṣì ń rí i títí dé nǹkan bí mítà 7 sí 8. Nígbà tó di àwọn ọdún 1990, lọ́pọ̀ ibi, mítà 1 sí 3 ni ojú mọ. Ewédò tí omi náà ń mú jáde ti di ìlọ́po méjì ti àwọn ọdún 1960.

Afọ́jú inú omi dúdú

Bí omi bá ṣókùnkùn, ẹni tó ń ṣọdẹ pẹ̀lú ojú kò ní ríran dáadáa, àbí? Èyí lè jẹ́ àǹfààní fún ẹni tí wọ́n ń dọdẹ. Ṣùgbọ́n furu ń lo ojú fún ohun mìíràn tó ṣe pàtàkì jù: òun ni wọ́n fi ń yan ọkọ.

Ole Seehausen, Jacques van Alphen àti Witte tẹ ìwádìí kan jáde lọ́dún 1997 tó yí bí a ṣe ń wo ọ̀ràn yìí padà. Ọ̀pọ̀ oríṣi furu tó ń gbé nítòsí ara wọn lè bá ara wọn gùn kí wọ́n sì bímọ tó yè, tí ọmọ náà yóò sì bímọ tirẹ̀. Ohun tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé abo ń wo àwọ̀ akọ kó tó gbà fún un. Ẹ wo oríṣi méjì tó ń gbé níbi òkúta: akọ ọ̀kan pupa, akọ èkejì jẹ́ aláwọ̀ búlúù. Pundamilia nyererei ni orúkọ ìmọ̀ èyí tó pupa, Julius Nyerere tó jẹ́ ààrẹ Tànsáníà ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Ibi tó jìn díẹ̀ ni pupa ń gbé, ibi tí kò jìn ni búlúù wà. Abo tó ń fẹ́ pupa máa ń lọ sọ́dọ̀ pupa, abo tó ń fẹ́ búlúù máa ń lọ sọ́dọ̀ búlúù.

Bí omi bá wá dọ̀tí, ìmọ́lẹ̀ búlúù kì í wọlé jìnnà, àwọ̀ kò hàn mọ́, abo ò sì mọ ẹni tó ń yàn. Ní erékùṣù Makobe, níbi tí omi ṣì mọ́, pupa àti búlúù wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kedere. Ní Luanso, nínú ìyawọlẹ̀ omi Mwanza níbi tí omi ti dọ̀tí gan-an, oríṣi méjì kò sí mọ́. Ẹja kan ṣoṣo ló wà, tí àwọ̀ akọ rẹ̀ ń lọ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì láìsí ibi tí a lè fi ààlà sí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rò ó dáadáa. Kò sẹ́ni tó pa ẹja kankan níbẹ̀. Sangara ò jẹ wọ́n, wọn ò sì kú sínú omi. Wọ́n ń gùn, wọ́n ń bímọ, ẹni tó bá ka iye ẹja lásán yóò sọ pé kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Síbẹ̀ oríṣi kan ti lọ. Irú àdánù yìí kò lè hàn nínú ìwé ẹni tó ń wọn kílò, kò sì sí òfin ẹja pípa tó lè dá a dúró.

Àbàtà tí sangara ò lè wọ̀

Apá kejì rèé, òun ló sì mú mi kọ̀wé yìí ní tòótọ́.

Sangara jẹ́ ẹja tó ń fẹ́ ọ́síjìn púpọ̀. Furu lè fara da ìwọ̀nba díẹ̀. Nínú igbó papyrus àti koríko àbàtà tó yí adágún náà ká, omi kì í ṣàn dáadáa, ewé ń jẹrà nínú rẹ̀, ọ́síjìn sì kéré. Sangara kò lè pẹ́ níbẹ̀. Lauren Chapman àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Adágún Nabugabo, omi kékeré kan ní Ùgándà tí yanrìn ya kúrò lára Victoria, tí wọ́n dá sangara sí ní àwọn ọdún 1960. Láàárín omi gbalasa níbẹ̀, ẹja ìbílẹ̀ dín kù gan-an. Ní etí, láàárín koríko àbàtà, wọ́n ṣì wà. Àwọn adágún kéékèèké tó yí Nabugabo ká, tí àbàtà bò tí sangara ò sì dé, furu ṣì pọ̀ nínú wọn. Adágún Kanyaboli ní Kẹ́nyà rí bẹ́ẹ̀, níbi tí ngege ṣì wà lẹ́yìn tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú adágún ńlá.

Nítorí náà àìsí ọ́síjìn ti àbàtà, èyí tó ti wà láti ìṣẹ̀dá, di ibi ìsádi. Àìsí ọ́síjìn ti ìsàlẹ̀ adágún, èyí tí ìdọ̀tí dá sílẹ̀, ń ṣe ohun tó yàtọ̀. Ó lé furu tó ń gbé ibi jíjìn wá sókè, sí omi tí sangara wà, ibi tí wọ́n ń sá sí sì dín kù. Bẹ́ẹ̀ ni kò dá sangara pàápàá sí. Nígbà tí ìjì bá ru omi ìsàlẹ̀ yìí sókè lójijì, ẹja ń kú lọ rẹpẹtẹ. Ó ṣẹlẹ̀ ní ìyawọlẹ̀ omi Nyanza ní àwọn ọdún 1980. Ó tún ṣẹlẹ̀ ní Ùgándà níbẹ̀rẹ̀ 2021, sangara ló sì pọ̀ jù nínú òkú ẹja tó léfòó, torí òun ni kò lè fara dà á.

Ẹni tó bá ń gé àbàtà kúrò torí oko ń ṣe ìjàǹbá méjì lẹ́ẹ̀kan náà, bí kò tilẹ̀ mọ̀: ó yọ ohun tó ń sẹ́ ìdọ̀tí kúrò, ó sì ṣí ibi ìsádi sílẹ̀ fún sangara.

Àwọn tó jogún adágún náà

Nígbà tí furu lọ, àwọn tó ń jẹ ewédò àti pàǹtírí lọ pẹ̀lú wọn. Ewédò tí kò rí ẹni jẹ ẹ́ ń kú, ó ń rọ̀ sísàlẹ̀, ó ń jẹrà, jíjẹrà rẹ̀ sì ń gba ọ́síjìn tó kù. Níbí ni sangara ti fi kún ìbàjẹ́ omi tó ti wà nílẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Kò dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó tì í síwájú.

Edé kékeré kan tó lè gbé inú omi tí kò ní ọ́síjìn tó, Caridina nilotica, bọ́ sí ipò àwọn tó ń jẹ pàǹtírí, ó sì pọ̀ sí i lọ́pọ̀lọpọ̀. Ẹja fàdákà kékeré tí wọ́n ń pè ní dagaa ní Tànsáníà, omena ní Kẹ́nyà, náà pọ̀ sí i, torí ó ń jẹ àwọn kòkòrò inú omi tí furu ń bá a du tẹ́lẹ̀. Sangara tí furu ti tán lẹ́nu rẹ̀ kọjú sí edé, sí dagaa, àti sí ọmọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Kódà lójú òfuurufú ọ̀rọ̀ yí padà: ẹyẹ apẹja aláwọ̀ dúdú àti funfun tó máa ń rá bàbà lókè omi kó tó já lu ẹja, tí furu ti jẹ́ oúnjẹ rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ dagaa. Níbi tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún oríṣi ti ń jẹ ara wọn ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọ̀nà, ó kù díẹ̀ tó ń gbé gbogbo ẹrù náà.

Àwọn apẹja kò sunkún. Ẹja tí wọ́n ń kó jáde lọ́dún kan, tó jẹ́ nǹkan bí 100,000 tọ́ọ̀nù ní àwọn ọdún 1970, di nǹkan bí 500,000 tọ́ọ̀nù nígbà tí àwọn ọdún 1980 ń parí lọ. Ilé iṣẹ́ tó ń gé sangara fún ọjà Yúróòpù kún etí omi. N kò ní fojú kéré owó yẹn, torí àwọn tó rí iṣẹ́ níbẹ̀ pọ̀. Àmọ́ sangara lọ́ràá, oòrùn nìkan kò tó láti gbẹ ẹ́ bó ṣe ń gbẹ furu àti dagaa. Iná ló ń fẹ́, iná ń fẹ́ igi, ilẹ̀ tí igi ti tán lórí rẹ̀ sì ń bá òjò wọ adágún.

Nípa ewéko olódòdó elésèé àlùkò tó ń léfòó, tí wọ́n ń pè ní water hyacinth, ọ̀rọ̀ púpọ̀ ti lọ lórí rẹ̀, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ó dé adágún náà ní nǹkan bí 1989, ó bo etí omi pátápátá ní àárín àwọn ọdún 1990, wọ́n sì tú kòkòrò méjì tó ń jẹ ẹ́ sílẹ̀ láti 1995. Nígbà tí ẹ̀wádún yẹn ń parí, ó ti fà sẹ́yìn. Kì í bá má pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ká ní omi náà kò ní ajílẹ̀ nínú.

Àwọn tó padà

Ní àwọn ọdún 1990, wọ́n pa sangara púpọ̀ débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Furu kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà sínú àwọ̀n ní Mwanza. Kì í ṣe gbogbo wọn. Àwọn tó ń jẹ kòkòrò omi àti àwọn tó ń jẹ pàǹtírí ló ṣáájú, oríṣi mélòó kan péré. Àwọn tó ń jẹ ẹja kò fi bẹ́ẹ̀ padà.

Àwọn tó padà kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Haplochromis pyrrhocephalus, tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, ni ẹ̀rí tó dájú jù. Nígbà tí Witte àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi èyí tí wọ́n kó ní àwọn ọdún 1990 wé èyí tí wọ́n ti fi pamọ́ sínú ìgò kí ọ̀ràn tó ṣẹlẹ̀, ibi tó fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ti fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ó lé. Kòkòrò tíntìntín ló ń jẹ tẹ́lẹ̀, ó ti wá ń jẹ ohun tó tóbi jù bẹ́ẹ̀, títí kan edé. Gbogbo ìyípadà yìí kò gbà tó ogún ọdún. Lójú tèmi, ẹja yìí ló jẹ́rìí tó dára jù nínú ẹjọ́ náà: ara rẹ̀ yí padà láti lè mí nínú omi tó bàjẹ́, kì í ṣe láti sá fún sangara nìkan.

Òfin tó wà nílẹ̀ lónìí kan ẹja jù. Àjọ Lake Victoria Fisheries Organization, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1994 tí orílé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Jinja, ní kí ilé iṣẹ́ má gba sangara tí kò gùn tó 50 sẹ̀ǹtímítà, wọ́n sì ń ṣọ́ àwọ̀n tí ojú rẹ̀ há jù. Mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ká ní èmi ni wọ́n ní kí n pín owó iṣẹ́ náà, omi ìgbọ̀nsẹ̀ Kampala, Kisumu àti Mwanza ni n óò kọ́kọ́ ná an lé, àbàtà etí omi yóò sì tẹ̀ lé e, kí n tó kan sangara rárá. Sangara ní ọjà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ ń jáde lójoojúmọ́ láti dín in kù láìsí pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ wọ́n. Kò sí oníbàárà kankan ní Yúróòpù tó ń sanwó kí omi Luanso lè mọ́ tó ti Makobe.